Ọtí Dákẹ́, Ṣé Ó Ti Parí?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ máa ń kọ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan wà tí kì í pẹ́ padà wá, pàápàá nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé tí ìnáwó sì pọ̀ nílùú. Ìbéèrè náà ni pé: bí ènìyàn bá pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sílé, kí ni yóò fi mọ̀ pé ó ti tó? Àwọn kan ń bèèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ tà á. Àwọn mìíràn ń bèèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, kí wọ́n dí i pinpin, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú òkèèrè. Ti àwọn ẹni ìkejì yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ kí a tó túká.

Bí ẹ bá bi àwọn aládùúgbò yín, ìdáhùn méjì ni ẹ ó sábà gbọ́. Ẹnì kan yóò ní, "Ọjọ́ méjì ni." Ẹlòmíràn yóò ní, "Bí ó bá ti dákẹ́, ó ti parí." Ìdáhùn méjèèjì lè tan ènìyàn jẹ, èkejì sì burú ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Àgbàdo gbígbẹ kò ní adùn tí ó tó ọtí í ṣe. Sítáàṣì ni ó kún inú rẹ̀, ìwúkàrà kò sì lè jẹ sítáàṣì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rẹ àgbàdo sínú omi bí ọjọ́ méjì, tí a sì ń tẹ́ ẹ sórí ewé ní ibi tútù fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè hù. Nígbà tí hóró àgbàdo bá ń hù, ìgbésí ayé ti ara rẹ̀ ni ó ń múra fún, kò mọ̀ pé ọtí ni a fẹ́ fi òun ṣe. Ó ń pèsè èròjà kan tí ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, kí ọmọ èéhù lè rí oúnjẹ jẹ. Àwa ènìyàn a wá dá a dúró lójú ọ̀nà: a sá a sóòrùn, a lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ omi, a gbé e ka iná fún wákàtí púpọ̀, a sì sẹ́ ẹ. Bí omi náà ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ni èròjà yìí ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá hó, ó kú. Ẹni tí ó bá da omi híhó lé ìyẹ̀fun náà lójijì ti pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Omi tí a sẹ́ jáde yìí dùn, ṣùgbọ́n kò tíì di ọtí rárá. Ọmọdé lè mu ún.

Nígbà tí ó bá tutù dé ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà, ìwúkàrà wọlé. Àwọn kan ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí tí wọ́n pọn kẹ́yìn sí i. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ìwúkàrà yìí àti yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun abẹ̀mí ni, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Louis Pasteur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ bíà ní 1876, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé ohun abẹ̀mí ni ń ṣe iṣẹ́ ọtí, àti pé àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tí kò fara jọ ọ́ ni ń bà á jẹ́. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìkòkò tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dára, wọn kì í sì í fi han gbogbo ènìyàn.

Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà. Ohun méjì ni ó ń fi rọ́pò rẹ̀: èkíní ni agbára ọtí tí ń pa ènìyàn, èkejì ni afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń gbé ìhó sókè. Òun ni a ń gbọ́ bí a bá na etí sí ẹnu ìkòkò, tí ó ń dún bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé kókò. Mo máa ń fi í han àwọn ọmọ kíláàsì mi: bí a bá ṣá ìṣáná kan, tí a rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ẹnu ìkòkò tí ọtí kò kún, iná náà yóò kú kí ó tó kan ìhó. Àwọn ọmọ a pariwo pé idán ni. (Inú ọ̀gá wa kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ bí mo bá gbé ìkòkò ọtí gba iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kì í kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ.)

Nítorí náà, nígbà tí a bá bèèrè pé "Ṣé ọtí ti parí?", ohun tí à ń bèèrè gan-an ni pé, "Ṣé ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ ti tán?" Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń yẹ àwọn àmì wò.

Ìhó ni àmì tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Ní ọjọ́ kìíní ó máa ń nípọn, ó sì lè kún dé etí ìkòkò. Nígbà tí ó bá rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ a ní iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhó ń rọlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dín kù, kì í dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá tán.

Ìró wá ńkọ́? Òun ni ó léwu jù. Ìwúkàrà fẹ́ràn ooru wa, ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú, a máa sùn. Ní àkókò ọyẹ́, ìkòkò tí a gbé sí ìta lóru lè dákẹ́ lọ lójú ọ̀nà, kí ṣúgà púpọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Kò kú, kò sì parí. Ó kàn káwọ́ gbera ni. Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tí ó rọ irú ọtí bẹ́ẹ̀ sínú ìgò nínú oṣù ọyẹ́, tí ó dí wọn pinpin, tí ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nílé ìdáná, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà. Ooru ààrò jí ìwúkàrà. Ní òru ọjọ́ kejì ni ìgò àkọ́kọ́ fọ́, èkejì tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé rò pé olè ń yìnbọn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí èérún ìgò tí ó wọ inú igi àjà. Ẹ ronú bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kan ń fẹ́ iná níbẹ̀ nígbà náà, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ọtí tí ó ti parí iṣẹ́ lè máa yọ ìhó wẹ́wẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú un, nítorí pé omi tútù ń di afẹ́fẹ́ yẹn mú sínú, omi gbígbóná sì ń jù ú sílẹ̀. Ẹ ti rí i nínú ìgò mínírà tí ó pẹ́ lóòrùn. Nítorí náà, ìdákẹ́ kò fi hàn pé ó parí, híhó kò sì fi hàn pé kò parí.

Títòrò ọtí jẹ́ àmì tí àwọn tí ń pọn bíà ọkà báálì ní ìlú òyìnbó gbójú lé. Nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti nínú ọtí ọkà bàbà, ẹ̀rí kékeré ni. Èérún sítáàṣì máa ń wà nínú wọn, nítorí náà wọ́n lè parí kí wọ́n má tòrò láéláé.

Ti "ọjọ́ méjì" kò gba àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ méjì inú oṣù Ẹrẹ́nà kì í ṣe ọjọ́ méjì inú ọyẹ́. Omi tí ó dùn gan-an ń pẹ́ ju èyí tí a là pọ̀ lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun sì ń yára ju ti oṣù kan sẹ́yìn.

Ó wá ku ahọ́n. Nínú gbogbo àmì tí ènìyàn lè lò láìsí ohun èlò, ahọ́n ni mo fi síwájú. Ẹ tọ́ ọ wò ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ má tíì jẹun, kí ẹ sì máa fi ahá kan náà bù ú. Adùn yóò máa lọ, kíkorò díẹ̀ àti gbígbóná lọ́fun yóò máa wọlé. Ọjọ́ tí tòní kò bá yàtọ̀ sí tàná, ẹ ti súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ahọ́n pàápàá ní àléébù kan: kíkan máa ń bo adùn mọ́lẹ̀. Ọsàn tí ó kan wá lójú lè ní ṣúgà púpọ̀ nínú. Bákan náà ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kan.

Èyí mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. "Parí" tí òyìnbó ń sọ nípa bíà àti "tó" tí àwọn ìyá wa ń sọ nípa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ohun méjì ọ̀tọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó pọn bíà ọkà báálì ń dúró de ìgbà tí ṣúgà yóò tán, kí ó tó rọ ọ́ sínú ìgò fún oṣù mélòó kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò wà fún ìfipamọ́. Láàyè ni a ń mu ún, nígbà tí adùn díẹ̀ ṣì kù, tí agbára ti wọlé, tí kíkan kò sì tíì gba gbogbo ẹnu. Bí a bá yára jù, omi ìrèké lásán ni a fún àwọn àlejò, inú wọn yóò sì máa ru mọ́jú. Bí a bá pẹ́ jù, àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tí kì í ṣe ìwúkàrà, irú àwọn tí ń mú ògì kan, yóò ti gba ìkòkò. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá sì ń ráyè wọlé fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn kan tún wà tí ń sọ agbára ọtí náà di omi kíkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ náà "ọtí kíkan": ohun tí ó tẹ̀yìn ọtí wá ni lóòótọ́. Kò sí ẹni tí yóò san owó fún un níbi ìnáwó. Obìnrin tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ìkòkò mẹ́ta mọ̀ pé àyè tí ó wà láàárín yíyára àti pípẹ́ yìí kò gùn. Nínú ooru, ó lè má ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ sì wo ọgbọ́n tí ó wà nínú bí a ti ń gbé e. Kèrègbè ni àwọn àgbà ń lò, ewé ni wọ́n sì ń fi dí i lẹ́nu. Ewé kò jẹ́ kí eṣinṣin wọlé, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Àwọn ẹlẹ́mu náà kì í dí agbè pinpin. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí lo ìgò onídèérí irin ni ewu wọlé. Èmi kò bá ìgò jà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò rẹ̀.

(Kí n tó lọ sórí ìṣirò: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti rìn jìnnà ju bí àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín ti mọ̀ lọ. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e lọ́kàn débẹ̀, àwọn tí ń bọ òrìṣà níbẹ̀ sì ṣì ń ṣe ohun mímu àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní chequeté. Wọ́n ti fi omi ọsàn àti oyin ìrèké kún un, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọnù.)

Ìṣirò náà rèé. Hóró ṣúgà kan, irú èyí tí a ń jù sínú tíì, wọ̀n tó bí gíráàmù 4. Bí ìwọ̀n ṣúgà yẹn bá kù nínú lítà ọtí kan, tí ìwúkàrà sì jẹ ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ tí yóò tú jáde yóò tó bí lítà kan. Nínú ìkòkò tí ó ṣí sílẹ̀, kò sí wàhálà. Nínú ìgò tí a dí, lítà afẹ́fẹ́ yẹn kò ní ibi tí yóò lọ: ó ní láti fún ara rẹ̀ mọ́ inú ọtí náà àti ọrùn ìgò. Bíà ilé-iṣẹ́ máa ń ní bíi lítà 2 àbọ̀ nínú lítà kan, ìgò bíà sì lè gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí gíráàmù 20 bá kù, èyí tí í ṣe hóró ṣúgà 5 péré, afẹ́fẹ́ náà yóò di lítà 5, ní ọ̀sán gbígbóná sì rèé, agbára rẹ̀ nínú ìgò yóò tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A kò ṣe ìgò bíà lásán fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 20 nínú lítà kan kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Bí ọtí náà bá ti kan díẹ̀, ẹ lè tọ́ ọ wò kí ẹ má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn tí ń pọn bíà fi ń lo ohun èlò tí a ń pè ní háídírómítà. Láti 1784 ni John Richardson, apọntí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ ìwé jáde nípa bí a ti ń lo irú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ sì mú òfin ìwé àṣẹ kúrò lórí bíà àpọnmu ilé ní 1963, ohun èlò yìí wọ ilé àwọn ènìyàn lásán púpọ̀. Ọ̀pá dígí kékeré kan ni, tí ìdí rẹ̀ wúwo, tí a sì kọ nọ́ńbà sí ọrùn rẹ̀. A ó jù ú sínú ọtí, yóò léfòó. Ẹni tí ó ti wẹ̀ nínú òkun rí mọ̀ pé omi iyọ̀ ń gbé ènìyàn sókè ju omi odò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣúgà ń gbé dígí yìí sókè. Nínú omi lásán yóò fi 1.000 hàn. Nínú omi dídùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ó lè fi 1.040 hàn. Bí ṣúgà ti ń tán, yóò máa rì díẹ̀díẹ̀: 1.030, 1.018, 1.010. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.040 tí ó sì dúró sí 1.010, agbára ọtí náà yóò tó bí ìdá 4 nínú 100.

Ẹ má dúró de 1.000 o. Ṣúgà kan wà tí ìwúkàrà kò lè jẹ, nítorí náà bíà púpọ̀ ń parí sí àárín 1.008 àti 1.014. Nọ́ńbà tí kò yí padà ni à ń wá. Bí òní bá fi 1.010 hàn, tí ọ̀la fi 1.010 hàn, tí ọ̀túnla náà kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí kò sì sí òtútù tí ó mú ìkòkò, ọtí náà ti parí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìhó wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ dígí náà, a sì gbé e sókè lọ́nà èké, nítorí náà ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí ẹ tó kà á. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó ki kò ní jẹ́ kí ó léfòó bí ó ti yẹ, nítorí náà ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bákan náà, ìwọ̀n ooru 20 tàbí kí ó dín ni a ṣe púpọ̀ nínú dígí wọ̀nyí fún. Ní ìwọ̀n 30 tiwa yìí, nọ́ńbà tí ẹ ó rí yóò fi bí 0.002 tàbí 0.003 kéré sí òótọ́. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́, bí ẹ bá sáà ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò ní háídírómítà kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn máa fi ojú rẹ̀ ṣeré. Ẹ bu ọtí náà kún ìdajì ìgò kan, ẹ na bàlúùnù, èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí, bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ mi ìgò náà dáadáa kí afẹ́fẹ́ tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ bàlúùnù náà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì tún fi í bò ó. Ẹ gbé ìgò yìí sí ibi tí ó gbóná ju ibi tí ìkòkò wà lọ, kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí bàlúùnù bá dìde, ṣúgà ṣì wà. Bí ó bá wólẹ̀ síbẹ̀ bí ẹ ti fi í sílẹ̀, ó ti tán tàbí kí ó kù díẹ̀. Ìgò oníke náà dára fún àyẹ̀wò: ẹ rọ ọtí sí i, ẹ dé e, kí ẹ máa fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá le bí òkúta, ẹ mọ ohun tí ì bá ti máa ṣẹlẹ̀ nínú ti dígí.

Fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò dígí tí a dí, bí ó ti wù kí ó dákẹ́ tó. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, kí ẹ má kún un dé ẹnu, kí ẹ má sì dé ìdérí rẹ̀ le. Ẹni tí yóò gbé e nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ní láti gbé e dúró lóròó.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti dí àwọn ìgò tiyín kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má mì wọ́n, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó wọn. Ẹ lé àwọn ọmọdé jáde, ẹ da àpò tí a rẹ sínú omi tútù bò wọ́n, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nítorí pé òtútù yóò dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ nípọn di ìgò mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì tú ìdérí náà díẹ̀díẹ̀. Ọtí tí ó bá dà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dà. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni kí ẹ tọ́jú: ẹ bù ú sínú ìṣà kékeré, ẹ fi ewé bò ó, kí ẹ gbé e sí ibi tútù, nítorí pé ó ṣì wà láàyè, ẹ ó sì tún lò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ pọn òmíràn.